Ìwé Orúkọ Àlejò: Èdè Wo La Fi Ń Kọ Ọ́, Ta Ló sì Ń Kà Á?

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú, ọ̀kan nínú ohun tí ìjọba máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: ta ló sùn síbo, lọ́jọ́ wo? Ẹni tó lè dáhùn kì í ṣe dókítà. Ẹni tó fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ni. Ìdí nìyí tí àwọn ìjọba kan fi ń sọ fún onílé ìtura, àti fún ẹni tó ń fi yàrá kan tàbí méjì gba owó ọjọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ èrò, pé kí wọ́n máa kọ orúkọ àlejò sílẹ̀ de àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Àwa kò lòdì sí i. Ohun tí à ń sọ ni pé bí a kò bá sọ ìdí tí a fi ń gba orúkọ fún ẹni tó ni ín, ní èdè tó yé e, orúkọ náà kò ní ṣe ìlú láǹfààní.

Ẹ jẹ́ ká fi ìlú Notsé ní orílẹ̀-èdè Togo ṣe àpẹẹrẹ. Notsé wà lójú títì ńlá tó ti Lomé lọ sí Atakpamé. Ìlú àwọn Ewe ni, ṣùgbọ́n bí a bá gòkè dé agbègbè Atakpamé, a ó bá àwọn Ifẹ̀ tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, tí èdè wọn bá tiwa tan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún, ọdún Agbogbozan a máa kó àwọn Ewe láti Ghana, láti Benin àti láti ibòmíràn wá sí Notsé. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ilé tó ní pátákó lára nìkan ló ń gba àlejò sùn.

Bí orúkọ àlejò ṣe wúlò tó, ọdún 2014 ti kọ́ wa. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà, arìnrìn-àjò kan tó ní àrùn Ẹbólà wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Liberia, ó gba Lomé kọjá, ó sì ṣubú ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó. Ẹnì kan lára àwọn tó fara kàn án sá kúrò lábẹ́ ìṣọ́. Ó lọ sí Port Harcourt, ó wọ òtẹ́ẹ̀lì, dókítà kan sì tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́. Àlejò náà yè, dókítà yẹn kú. Nítorí ìrìn àjò ẹnì kan yìí, àwọn tí wọ́n ní láti máa ṣọ́ ní Port Harcourt nìkan lé ní 500. Ní gbogbo Nàìjíríà, nǹkan bí 900 ènìyàn ni wọ́n wá kàn, ìbẹ̀wò tí wọ́n sì ṣe sí wọn tó 18,500. Ènìyàn 20 ló kó àrùn náà, 8 nínú wọn kú, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé Nàìjíríà ti bọ́. Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára Ẹbólà tí a fọwọ́ sí nígbà yẹn. Orúkọ, àdírẹ́sì àti ẹsẹ̀ tó ń rìn ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Nígbà àrùn Kòrónà, Togo gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí wọ́n tún ṣí pápákọ̀ òfuurufú Lomé ní oṣù Kẹjọ 2020, ìjọba ní kí èrò tó bá wọlé fi áàpù Togo Safe sórí fóònù rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀, ibi ìyàsọ́tọ̀ ìjọba ló ń lọ. Áàpù lè mọ ibi tí fóònù wà. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tó gba orí ilẹ̀ wọlé láti Cotonou, tí fóònù rẹ̀ kò ju èyí tí a fi ń pe ènìyàn lọ, ìwé onílé nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

Kí ló wá dé tí àlejò fi ń fi orúkọ rẹ̀ pamọ́? Ẹ̀rù ń bà á ni, ẹ̀rù náà sì nídìí. Ní Singapore, ìjọba ti ṣèlérí pé nítorí ìlera nìkan ni àkọsílẹ̀ TraceTogether ṣe wà. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2021, wọ́n jẹ́wọ́ pé ọlọ́pàá lè lò ó. Ní ìlú Mainz ní Jámánì, ọkùnrin kan ṣubú, ó sì kú lẹ́yìn tó kúrò nílé oúnjẹ kan ní oṣù Kọkànlá 2021. Àkọsílẹ̀ áàpù Luca, tó wà fún àrùn Kòrónà, ni ọlọ́pàá fi wá ẹlẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ òfin kò fàyè gbà á.

Àwọn ará Notsé mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn wọn sọ pé nígbà tí ìyà ọba Agokoli pọ̀ jù, àwọn Ewe dá odi ìlú lu lóru, wọ́n sì fẹ̀yìn rìn jáde, kí ipa ẹsẹ̀ wọn lè dà bí ti ẹni tó ń wọlé. Ẹni tó bá gbà pé wọ́n ń lépa òun kì í fi ipa ẹsẹ̀ tòótọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orúkọ èké nínú ìwé àlejò. Ó tilẹ̀ burú ju ojú ìwé tó ṣófo lọ, nítorí òṣìṣẹ́ ìlera yóò máa pe nọ́ńbà tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nígbà tí àrùn ń lọ.

Togo ní òfin lórí èyí. Òfin 2019-014 ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 2019 ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ẹni, ó sì dá àjọ IPDCP sílẹ̀ láti mójú tó o. Ó ní kí ohun tí a torí rẹ̀ gba àkọsílẹ̀ hàn kedere, kí a má sì pa á mọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi kọ òfin náà, bí tiwa ti ọdún 2023 ṣe wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èrò mélòó ló lè kà wọ́n?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Ẹ wo bí a ṣe máa ń túmọ̀ iṣẹ́ yìí: ‘títọpinpin àwọn tó fara kan aláìsàn.’ Ta là ń tọpinpin bí kò ṣe olè àti ọ̀daràn? Bí a bá sọ fún ìyá oníṣòwò pé ìjọba fẹ́ tọpinpin rẹ̀, ó ti di afurasí kó tó sọ ẹrù kalẹ̀. ‘Wíwá ẹni kàn’ yàtọ̀, nítorí ẹni tí a fẹ́ràn náà là ń wá kàn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Bí a bá ní ká kọ ọ́ fún onílé, báyìí la ó ṣe kọ ọ́: ‘Ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní orúkọ àti nọ́ńbà yín. Bí a bá gbọ́ pé àìsàn tó ń ràn wà nílé yìí lásìkò tí ẹ wà níbí, òun ni wọn yóò fi pè yín kí ẹ lè tètè rí ìtọ́jú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera nìkan la ó fún. Bí ọjọ́ 21 bá pé, a ó fà á ya.’ Ọjọ́ 21 yìí ni ìjọba England dá fún ilé ọtí àti òtẹ́ẹ̀lì lọ́dún 2020. Bí àrùn mìíràn bá dé, àwọn oníṣègùn ni yóò sọ iye ọjọ́ tó yẹ.

Orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ ìdé àti ọjọ́ ìlọ ti tó. Kí onílé má béèrè àìsàn tó ń ṣe àlejò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera ló ni ìbéèrè yẹn, àgàgà ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọra. Àwọn kan lè sọ pé àrùn kì í dúró de àlàyé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àlàyé òkè yìí kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ wa nìyí. Ẹ jẹ́ ká kọ ìkéde kékeré yìí ní Yorùbá, ká sì bẹ àwọn tó ni èdè Ifẹ̀ àti Ewe kí wọ́n kọ ọ́ sí tiwọn. Ká kà á sétí àwọn tí kò kàwé, ká wò ó bóyá ó yé wọn. Àsìkò tí ara dá yìí ló yẹ ká ṣe é. Bí àrùn bá ti wọ̀lú tán, ẹ̀rù kì í jẹ́ kí àlejò tẹ́tí sí àlàyé.