Àwọ̀ Tí Kò Mu Aró
Ta ni kò tíì rí omi òjò tó ń yí gbirigbiri lórí ewé kókò? Ewé náà kọ omi. Dígí tó mọ́ tónítóní ní tirẹ̀ a máa gba omi mọ́ra. Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń ṣe ọnà aláràbarà láìlo aró.

Lọ́dún 1964, àwọn onímọ̀ ní Australia ṣàlàyé ohun tó ń mú òkúta iyebíye opal dán yinrin. Àwọn hóró róbótó ló tò létòlétò sínú rẹ̀, tí wọ́n ń pín ìmọ́lẹ̀ sí oríṣiríṣi àwọ̀. Bí 1,000 wọn bá tò sórí ìlà kan, wọn kò tó mìlímítà kan.

Láti ṣe irú rẹ̀, a ó po irú hóró bẹ́ẹ̀ mọ́ omi, a ó dà á sórí dígí tí a ti tọ́jú: apá kan ń gba omi, apá kejì ń kọ̀ ọ́. Ibi tó gbà á nìkan ni omi yóò dúró sí. Bó ti ń gbẹ ni yóò máa fa àwọn hóró náà jọ, títí wọn yóò fi tò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ sùúrù ni, nítorí ó lè sán bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Aró a máa ṣá. Èyí kò ní aró tí yóò ṣá. Hóró kan ṣoṣo kò sì ní àwọ̀ kankan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.