Amẹ́ríkà ti ìlẹ̀kùn físà: Ta ni yóò sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ PhD nílé?

Láti ọjọ́ 1, oṣù Kínní, ọdún 2026, Amẹ́ríkà ti dáwọ́ dúró láti máa fún ọmọ Nàìjíríà ní físà akẹ́kọ̀ọ́, àyàfi àwọn díẹ̀ tí àṣẹ náà yọ sílẹ̀. Àṣẹ tí Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lù ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 kan orílẹ̀-èdè Benin pẹ̀lú. Togo ti wà lára àwọn tí irú òfin bẹ́ẹ̀ dè láti oṣù Kẹfà ọdún náà. Ẹni tí físà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ kò sí lára wọn.

Fún ẹni tó ń wá dìgírì kejì tàbí PhD, kì í ṣe ọ̀nà ìrìnàjò nìkan ló dí. Ọ̀nà owó náà dí.

Kí ló mú kí Amẹ́ríkà yàtọ̀?

Ní ọ̀pọ̀ fásitì Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ PhD kì í san owó ilé ẹ̀kọ́. Fásitì a yọ̀ǹda owó náà fún un, a sì tún máa sanwó fún un lóṣooṣù, kó lè máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí kó máa ṣiṣẹ́ ìwádìí. Bí ọmọ ẹni tí kò ní ilẹ̀ tí yóò tà ṣe ń di ọ̀mọ̀wé nìyẹn. Lónìí, fásitì ṣì lè kọ lẹ́tà pé òun yóò sanwó, ṣùgbọ́n láìsí físà, bébà lásán ni.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè rọ́pò rẹ̀. Owó tí àjèjì ń san níbẹ̀ ju ti onílé lọ. Chevening àti Commonwealth máa ń san gbogbo ìnáwó, àmọ́ èrò tó ń du àyè náà pọ̀ jù.

Kí ló wà nílé?

Àjọ NELFUND ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìsí èlé, ó sì ń fún wọn ní N20,000 lóṣù fún oúnjẹ àti bùkátà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé ètò náà kalẹ̀ fún ní ọdún 2024.

TETFund ń sanwó dìgírì kejì àti PhD, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ti jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba. Láti ọdún 2025 ni àjọ náà sì ti dá rírán àwọn tuntun lọ sí òkè òkun dúró. Ti epo rọ̀bì ni PTDF ń ṣe.

Ètò BEA, tí àwọn orílẹ̀-èdè bíi Rọ́ṣíà àti Mòrókò fi ń gba ọmọ Nàìjíríà lọ́fẹ̀ẹ́, ti kásẹ̀ nílẹ̀. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde rẹ̀ ní 2025 pé àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lọ kọ́ lóhùn-ún wà nílé. Òótọ́ ni pé wọ́n wà. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀kọ́ wà lọ́tọ̀, kí ẹni tí yóò sanwó rẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe?

Ó ti ń ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀ka Pan African University tó wà ní fásitì ibẹ̀, tí African Union dá sílẹ̀, máa ń fún àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n bá mú ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú owó ìtọ́jú, fún dìgírì kejì àti PhD.

Owó náà kò ṣàjèjì sí ìjọba àpapọ̀. Òfin owó orí tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kínní 2026, ní kí àwọn iléeṣẹ́ san 4% lórí èrè wọn fún ìdàgbàsókè. TETFund ló ni ìdajì rẹ̀, NELFUND sì ní 15%. Bí wọ́n bá ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD tí kì í ṣe olùkọ́, tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa kọ́ àwọn kíláàsì tó kún àkúnya, ẹrù olùkọ́ yóò fúyẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì rówó jẹun.

Ìdí ọ̀rọ̀ rèé: NELFUND ń mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà wọ fásitì. Akẹ́kọ̀ọ́ PhD òní ni olùkọ́ wọn lọ́la. Bí ó bá ń fi owó lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ san owó ilé ẹ̀kọ́ títí tó fi sú u, ta ni yóò dúró níwájú kíláàsì náà?

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní báyìí tí òde ti tìlẹ̀kùn, ilé ló kù tí a óò tún ṣe.