Aṣọ Funfun Kì Í Ṣe Ìwé Ẹ̀rí

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, àwa apòògùn máa ń rí wọn, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́: ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, tó wá ra paracetamol lẹ́yìn tí ẹnìkan bá a fa eyín ní ìsọ̀. Bí a bá bèèrè ẹni tó fà á, wọ́n á ní, "Dókítà ni, ó wọ aṣọ funfun."

Dókítà eyín ni ẹni tó gboyè BDS tàbí BChD ní yunifásítì, tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria, tó sì ń gba ìwé-àṣẹ tuntun lọ́dọọdún. Dental therapist ń fọ eyín, ó sì ń kọ́ni ní ìtọ́jú ẹnu. Dental technologist ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Fífa eyín kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Títo eyín tó wọ́, orthodontist ló ni ín; iṣẹ́ abẹ àgbọ̀n, maxillofacial surgeon ni.

Irinṣẹ́ tí wọn kò fọ̀, tí wọn kò sì sè dáadáa, lè kó HIV tàbí hepatitis B ranni. Nítorí náà, kí a tó la ẹnu, ká bèèrè ìwé-àṣẹ ọdún yìí, ká sì wò ó bóyá HEFAMAA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bojú tó ilé ìwòsàn, ti fọwọ́ sí ibẹ̀. Kì í ṣe àrífín. Ẹni tó kàwé kò ní bínú. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tí ẹ máa lọ bá, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ní Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú tàbí ti Ẹ̀pẹ́.

Àmánà Ọlọ́hun ni ara wa. Ẹ má fi lé ọwọ́ ẹni tí a kò mọ̀.