Ọwọ́ Tí Kò Bá Ṣe Iṣẹ́ Kò Lè Mọ Iṣẹ́

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nígbà tí ààrùn Kòrónà wọ Nàìjíríà ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2020, àwọn tí ó kú àti àwọn tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn ni gbogbo ènìyàn ń kà. Àdánù kan wà tí ẹni tí ó kà á kò pọ̀: èyí tí ó bá àwọn dókítà tí ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá.

Inú ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn tí dókítà bá ti jáde ní yunifásítì, yóò tún lo ọdún púpọ̀ lábẹ́ àwọn àgbà. Yóò kọ́kọ́ máa wòran, yóò máa ṣèrànwọ́, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá yóò fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́, tí yóò sì dúró tì í. Iṣẹ́ abẹ bíi ti kúńdí àti ti gẹ̀gẹ̀, tí aláìsàn lè fara balẹ̀ dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, ni ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ fi ń sọ ọwọ́ rẹ̀ di ọwọ́ oníṣẹ́.

Irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn dá dúró ní ọdún 2020. Ìdí rẹ̀ kò ṣòkùnkùn. Ìbòmú àti aṣọ ààbò kò tó. Bí wọ́n bá sì ń ki rọ́bà bọ ọ̀fun ẹni tí wọ́n fún ní oògùn akunnilóorun, èémí rẹ̀ lè tú kòkòrò ààrùn sí gbogbo yàrá. Ìwọ̀nba iṣẹ́ pàjáwìrì tí ó kù, àwọn àgbà ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, kí èrò má baà pọ̀. Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ dúró síta, tàbí kí wọ́n rán an lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí Kòrónà ń bá jà.

Ọkàn wọn kò sì balẹ̀. Ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ dé ń bẹ̀rù láti gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Owó ewu tí ó wà nínú owó oṣù wọn nígbà tí ààrùn náà dé jẹ́ 5,000 náírà péré. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, ẹgbẹ́ wọn daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan; ní ọdún 2021, wọ́n tún dá a sílẹ̀ láti 2 oṣù Kẹjọ títí di 4 oṣù Kẹwàá. Aláìsàn jìyà, ẹ̀kọ́ sì tún dúró.

Àwọn kan lè wí pé gbogbo ayé ni ó jẹ nínú ìyà náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyà tí ó bá ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ kò parí sí ara rẹ̀. Ó lè dé ara ẹni tí yóò dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Nítorí náà, iye iṣẹ́ tí ọwọ́ ti ṣe ni ó yẹ kí àwọn aláṣẹ máa wò kí wọ́n tó sọ pé ẹnìkan ti mọṣẹ́, kì í ṣe iye ọdún tí ó lò nìkan. Kí ìjọba máa san owó ẹ̀kọ́ tí òfin ọdún 2017 là sílẹ̀ fún wọn lásìkò. Kí wọ́n sì ti yan àwọn ilé-ìwòsàn tí iṣẹ́ abẹ kò ní dúró níbẹ̀ kí àjàkálẹ̀ ààrùn mìíràn tó dé. Ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀ kọ́ ni wọ́n ń wá ẹni tí yóò kan òrùlé.