Àgbájọ Ọwọ́ Kọ́ La Fi Ń Kọ̀wé

Bí ìyá kan bá ń gba owó lọ́wọ́ oní-POS ní Ọlọ́runṣògo, tí ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn sì ń náwó láti inú àkáǹtì kan náà ní ìṣẹ́jú yẹn, kí ni kò ní jẹ́ kí ìṣirò dàrú?

Java, èdè kọ̀ǹpútà tó jáde ní 1995, wà lára èyí tí wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ báńkì bẹ́ẹ̀ káàkiri àgbáyé. Àwọn òṣìṣẹ́ àìrí wà nínú rẹ̀ tí a lè fi wé akọ̀wé báńkì: bí wọ́n bá ti dá oníbàárà kan lóhùn tán, wọn kì í rántí rẹ̀ mọ́. Ẹni tí kì í rántí sì gbọ́dọ̀ ní ìwé tí yóò máa wò. Láti 2006 ni ìlànà JPA ti fún wọn ní EntityManager, tó ń mú àkọsílẹ̀ jáde láti inú àká, tó sì ń dá èyí tí a bá tún ṣe padà síbẹ̀.

Ibí ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lo EntityManager kan ṣoṣo. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, kì í ṣe òun la fi ń kọ̀wé: ohun tí ẹnì kan ń kọ lọ́wọ́ á bọ́ sínú ti ẹlòmíràn. EntityManagerFactory, orísun àwọn ìwé náà, ni gbogbo wọn lè jọ lò.

Síbẹ̀, a lè pín ìwé kan láàrin iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí òṣìṣẹ́ tó ń yọ owó bá pe èyí tó ń ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀, ìwé kan náà ni kí àwọn méjèèjì wò, kí iṣẹ́ wọn lè jọ yọrí tàbí kí ó jọ forí ṣánpọ́n. Wọn kò ní láti fi ọwọ́ gbé e fún ara wọn; olùṣàkóso tí wọ́n ń pè ní container ni yóò pín in, tí yóò sì pa á dé.

Ti ìyá àti ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ méjì, ìwé méjì ni. A ó fi nọ́ńbà kan sára àkọsílẹ̀ àkáǹtì wọn, èyí tí JPA ń pè ní Version. Ẹni tó bá kọ́kọ́ parí yóò yí nọ́ńbà náà padà. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà àtijọ́ dé, a ó ní kó lọ tún iye tó kù wò. Bí ₦10,000 ló wà níbẹ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ ₦8,000, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò rí i gbà.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ bi í léèrè: iṣẹ́ wo ló ni ìwé tí ò ń kọ, ìgbà wo ni a ó sì pa á dé? Bí ó bá lè dáhùn, ẹ lè fi owó ìyá àgbà lé e lọ́wọ́.