Àyẹ̀wò Tacrolimus Kì Í Ṣe Ọ̀kan Náà

Olóòtú,

Àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún sọ pé ibi tó bá dínwó jù ni kí aláìsàn ti lọ yẹ ìwọ̀n tacrolimus, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín náà, nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí pé èsì kan náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ń lo antibody tó ń so mọ́ oògùn náà. Àmọ́ ó tún lè so mọ́ ohun tí ẹ̀dọ̀ ti sọ oògùn dà, ìyẹn ló fi sábà máa ń gbé iye sókè. Ọ̀nà kejì, LC-MS/MS, máa ń ya oògùn sọ́tọ̀ kó tó wọ̀n ọ́n.

Kíndìnrín àbúrò mi ni mo ń gbé kiri. Ẹ̀jẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ kan náà ni wọ́n yẹ̀ wò níbi méjì: ọ̀kan ní 8.9, èkejì ní 7.1. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n dín oògùn mi kù nítorí ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ bó bá kéré jù, ara lè kọ kíndìnrín náà. Ibi kan ni kéèyàn dúró sí, kó sì mọ ọ̀nà tí wọ́n ń lò níbẹ̀.

Ẹ tún ní kéèyàn lo oògùn àárọ̀ kó tó lọ. Èyí gan-an ló burú jù. Ẹni tó ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wákàtí 12 lẹ́yìn ti alẹ́ ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ti àárọ̀ tó kan ẹnu. Oògùn mi máa ń wà nínú àpò títí wọ́n á fi lẹ òwú mọ́ mi lápá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe kíákíá.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn