Ẹ Dáhùn Ìbéèrè, Ẹ Yé Bú Ìyá Ọmọ

Ìyá tó bá ní kí wọ́n má tíì gún ọmọbìnrin òun ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, kíá ni yóò gbọ́ orúkọ tí kò jẹ́ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìlera: aláìmọ̀kan, ará oko, aláìlajú. Lẹ́nu àwọn tó kọ̀ jálẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ẹni tó gbà ti ta ọmọ rẹ̀ fún òyìnbó. Èébú méjèèjì kò dáa, ṣùgbọ́n tàwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló dùn wá jù, torí ọ̀dọ̀ wọn ni ìdáhùn wà.

Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 tí abẹ́rẹ́ yìí ti dé Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun, ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu àwọn òbí: "Ṣé kò ní sọ ọmọ mi di àgàn?" Nílẹ̀ Yorùbá, ta ni kò ní béèrè? Nọ́ọ̀sì tó bá jágbe pé "Màmá, ẹ lọ jókòó!" ti lé ọmọ yẹn lọ nìyẹn. Ìdáhùn náà kò gùn. Abẹ́rẹ́ náà kì í sọni di àgàn. Kòkòrò HPV tí ìbálòpọ̀ ń tàn kálẹ̀ ló ń dènà, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gún un fọ́mọ ọdún 9 sí 14, kí wọ́n tó mọ ọkùnrin. Jẹjẹrẹ yìí gan-an ló ń mú kí dókítà gbé ilé ọmọ obìnrin jáde.

Ìfura kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1996 tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kano, ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Nínú nǹkan bí 200 ọmọ tó wà nínú ìdánwò náà, 11 kú. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n, síbẹ̀ ẹjọ́ tí wọ́n pè é le. Nígbà tí irú ìfura bẹ́ẹ̀ mú kí Kano dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró lọ́dún 2003, èébú kọ́ ló yí wọn lọ́kàn padà. Àjẹsára láti Indonesia, ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí bíi tiwọn, ni wọ́n gbà lọ́dún 2004.

A rọ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ rán nọ́ọ̀sì lọ sípàdé òbí àti olùkọ́, sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fi Yorùbá dáhùn ìbéèrè tẹ́nì kan kò fi ní bú ẹnì kan. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè dáadáa, kẹ́ ẹ sì mú ọmọ yín lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un, ọ̀fẹ́ sì ni.